Béèsì tó dáa nínú yàrá kékeré: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ní Ìbàdàn

Ẹni tó bá ra sípíkà ní Queen Cinema, tàbí tó ṣa tòkunbọ̀ ní Ògùnpa, irú wúfà (sípíkà ńlá tó ń gbé béèsì jáde) tóun tún máa rà kún un ló máa ń kọ́kọ́ bi mí. Èmi náà á bi í pé ibo ló máa ń jókòó sí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń wò mí bíi pé n kò gbọ́ ìbéèrè wọn. Àmọ́ nínú irú yàrá tiwa yìí, tó jẹ́ búlọ́ọ̀kù láti ilẹ̀ dókè, ibi tí sípíkà wà àti ibi tí èèyàn jókòó sí ló ń pinnu béèsì, ó sì ju owó tí wọ́n ná lọ. Orí ìyẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí dúró lé.

Bọ̀dá, níbi tí mo ti ra sípíkà yìí, béèsì rẹ̀ ń mi èèyàn láyà. Mo gbé e délé, kò sí nǹkan kan. Ṣé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ ni?

Ó ṣòro kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó bínú lọ bá ẹni tó tà á, ẹ wo ẹ̀yìn sípíkà méjèèjì. Wáyà pupa gbọ́dọ̀ wọ ojú pupa, kí dúdú wọ dúdú, lẹ́yìn áńpìlìfáyà àti lẹ́yìn sípíkà kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá yí padà, ìgbà tí sípíkà ọ̀tún bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ni tòsì á máa fà á sẹ́yìn, wọ́n á sì máa pa iṣẹ́ ara wọn rẹ́. Ẹ ṣì máa gbọ́ ohùn akọrin, àmọ́ á fọ́n káàkiri yàrá, ẹ ò ní mọ ibi tó ti ń bọ̀, béèsì á sì gbẹ pátápátá.

Tí àwọ̀ wáyà yín bá jẹ́ ọ̀kan náà, tẹ́ ẹ ò mọ èwo lèwo, ẹ yọ sípíkà kúrò lára áńpìlìfáyà, kẹ́ ẹ mú bátìrì 1.5V, irú èyí tó wà nínú rìmóòtù. Ẹ fi ẹnu wáyà méjèèjì kan orí àti ìdí bátìrì náà fìrí, kẹ́ ẹ tètè mú un kúrò. Ẹ ní kí ẹnì kan máa wo pépà tó wà lójú sípíkà. Tí pépà bá sún síta, wáyà tó kan ojú tó ní àmì + ni pupa. Tó bá wọlé sínú, òdìkejì ni.

Wáyà mi dáa, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ló tún lè fà á?

Yàrá yín ni. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Nínú ooru Ìbàdàn, tí afẹ́fẹ́ bá wà ní nǹkan bíi 28°C, ìró ń rin bíi mítà 348 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Béèsì 40 Hz ń gbọ̀n ní ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì rẹ̀ kan ṣoṣo sì gùn tó mítà 8.7, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 28. Yàrá yín ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 12 ni bíríkìlà kọ́ ọ. Ìgbì náà kò ráyè nà tán kó tó kan ògiri, kó padà, kó sì pàdé ara rẹ̀ lọ́nà. Níbi tí èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ bá ti jọ ń tì, béèsì á pọ̀ kọjá àlà. Níbi tí ọ̀kan bá ti ń tì tí èkejì ń fà, á pòórá.

Ìró tí ìdajì ìgbì rẹ̀ bá bá gígùn yàrá mu ló máa ń ṣe èyí jù. Ẹ fi mítà wọn gígùn yàrá, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kẹ́ ẹ fi pín 348. Ẹsẹ̀ bàtà 10 jẹ́ mítà 3.05, á fún yín ní 57 Hz. Ẹsẹ̀ bàtà 12 á fún yín ní bíi 47.5 Hz, 14 á fún yín ní 41 Hz. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin, 41 Hz lòun náà wà. Ẹ ti rí i pé àárín ibi tí gìtá béèsì ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ni yàrá wa ti ń dá sí orin.

Ní ti ìró yẹn, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni béèsì ti ń le jù, àárín gbùngbùn yàrá ni kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ọkùnrin kan ní Òkè-Àdó gbé àga rẹ̀ sáàárín pálọ̀ gẹ́lẹ́ nítorí fáànù òkè, ó ti fẹ́ ta wúfà rẹ̀. A sún àga náà sẹ́yìn díẹ̀, ó dìde, ó lọ wo ẹ̀yìn wúfà bóyá mo ti fọwọ́ kan bọ́tìnnì kan níbẹ̀.

Yàrá tí gígùn àti ìbú rẹ̀ dọ́gba ló burú jù, torí ojú Hz kan náà ni ògiri méjèèjì máa ń rọ́ lù. Tó bá wá jẹ́ 10 ní 10, tí àjà náà tún ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ẹ̀ẹ̀mẹta ni 57 Hz á gbé ara rẹ̀ lé ara wọn. Nóòtù kan á máa ké gbòò, àwọn tó kù á máa yọ́ kọjá. Àwọn tó kọ́ ilé fún wa kò ro sípíkà mọ́ ọn.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ka ìmọ̀ràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í rò. Ní Amẹ́ríkà, férémù pákó àti pátákó gypsum fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ògiri inú ilé. Ògiri bẹ́ẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń jẹ nínú béèsì. Búlọ́ọ̀kù tiwa kì í mì, gbogbo ohun tó bá kàn án ló ń dá padà. Àjà nìkan ló ń gbà wá: tó bá jẹ́ asbestos tàbí PVC fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, béèsì á gba inú rẹ̀ jáde sábẹ́ páànù. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé pẹtẹ́ẹ̀sì, tí dẹ́kíìnì wà lórí rẹ̀, tirẹ̀ ló le jù.

Ibo wá ni kí n jókòó sí?

Ẹ kúrò láàárín gbùngbùn, ẹ má sì fara ti ògiri ẹ̀yìn. Nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12, kí etí yín wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àbọ̀ sí ògiri ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sún síwá sẹ́yìn títí béèsì á fi jókòó. Ẹ máa rí i pé sísún díẹ̀ báyìí ń ṣe ohun tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà ò ní ṣe.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ògiri nìkan ni àga lè gbà, ẹ má wulẹ̀ dààmú ìyàwó ilé. Ẹ dín béèsì kù lójú áńpìlìfáyà.

Wúfà ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni mo gbé e sí.

Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń gbé e sí nítorí pé ibẹ̀ ni wáyà dé. Ẹ ṣe báyìí. Ẹ gbé wúfà sórí àga tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí, bẹ́ẹ̀ ni, orí àga gan-an. Ẹ fi orin jùjú kan tí gìtá béèsì rẹ̀ ń gòkè sọ̀ sí i, kẹ́ ẹ tún un fi sí i léraléra. Kẹ́ ẹ wá kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ máa rá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí etí yín wà níwọ̀n ibi tí wúfà máa ń ga dé nílẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ibi tí nóòtù kan ti ń bú jáde, ibi tí béèsì ti ṣófo, àti ibi tí gbogbo nóòtù ti ń dún níwọ̀n kan náà. Ibi tó kẹ́yìn yẹn ni kẹ́ ẹ gbé wúfà sí, kẹ́ ẹ padà sórí àga yín. Ọ̀nà tí ìró gbà láti orí àga dé ẹsẹ̀ ògiri náà ló ń gbà padà, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn o, kí àwọn ọmọ má bàa wá gùn yín lẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ẹ̀yìn wúfà. Bọ́tìnnì tí wọ́n kọ phase sí, tó ní 0 àti 180, ẹ yí i sí ọ̀tún, ẹ yí i sí òsì, kẹ́ ẹ fi í síbi tí béèsì bá ti kún jù níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Èyí tí wọ́n kọ crossover tàbí low pass sí ló ń pinnu ibi tí iṣẹ́ wúfà máa ga dé; ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 80 Hz. Tí sípíkà yín bá kéré gan-an, ẹ gbé e dé 100 tàbí 120. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, etí yín á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ igun tí béèsì ti ń bọ̀, orin á sì pín sí méjì.

Wọ́n ní kí n gbé e sí igun yàrá kó lè lágbára.

Òótọ́ ni wọ́n sọ, á lágbára. Ògiri kọ̀ọ̀kan tí wúfà bá fara tì lè fi tó 6 dB kún un (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe pariwo tó). Àmọ́ igun náà ló ń ta gbogbo ìró tí yàrá ń dá sí jí lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wúfà yín bá kéré, tí agbára rẹ̀ ò sì tó, ẹ lò ó, kẹ́ ẹ wá yí fólúùmù rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ wúfà oní-12-íńṣì nínú yàrá 10 ní 10, ẹ gbà mí láyè kí n sọ pé ẹ ò nílò igun rárá.

Èmi ò ní wúfà, sípíkà méjì péré ni mo ní. Báwo ni kí n ṣe jìnnà sí ògiri tó?

Ìró tó ti ẹ̀yìn sípíkà lọ kan ògiri máa ń padà wá bá ti iwájú. Tí àlàfo ojú sípíkà sí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, nǹkan bíi 95 Hz ni wọ́n á ti pa ara wọn, ibi tí ìlù ti ń fúnni ní ìkúùkù láyà sì nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sún un mọ́ ògiri, ibi tí wọ́n ti ń pa ara wọn á sún lọ sókè, á kúrò nínú béèsì. Nínú yàrá kékeré, mo fara mọ́ kó súnmọ́ ògiri. Tí ihò sípíkà bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi àlàfo ìbú ọwọ́ kan tàbí méjì sílẹ̀ kó lè mí.

Yàrá mi jẹ́ self-contain ní Àgbowó. Bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, sípíkà, ó tán. Kò síbi tí mo fẹ́ sún nǹkan kan sí.

Ẹ ki ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́ sínú ihò sípíkà.

Mi ò ṣàwàdà. Ihò yẹn ló ń bá pépà gbé béèsì jáde. Tẹ́ ẹ bá dí i, béèsì á dínkù, àmọ́ á máa lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò ní já lulẹ̀ lójijì, gbòò-gbòò yẹn á sì rọlẹ̀. Ẹ lè kọ́kọ́ fi ìbọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ tó fi ìkejì.

Ṣé kí n lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri?

Rárá o. Ohùn òkè nìkan ló ń fọwọ́ kàn, ìyẹn náà kò pọ̀. Ìdá mẹ́rin ìgbì 50 Hz fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì, páálí tí kò nípọn tó íńṣì méjì kò lè dá a dúró. Tẹ́ ẹ bá lẹ̀ ẹ́ kún ògiri, ohùn akọrin á ṣú, béèsì tó ń bú á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé iná tètè ń ran páálí.

Kí ló wá ń gba béèsì mọ́ra?

Ohun tó nípọn, tó sì wà ní igun. Rockwool, ìyẹn nǹkan bí òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe, ni mo fẹ́ràn jù, kó nípọn tó íńṣì mẹ́rin sí mẹ́fà, kẹ́ ẹ tò ó láti ilẹ̀ dé òkè ní igun méjì ó kéré tán, kẹ́ ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Káfíńtà tó bá mọ férémù fèrèsé kàn á kan tirẹ̀, pákó rẹ̀ ò ju èyí tẹ́ ẹ lè rà ní Bódìjà lọ. Aṣọ tẹ́ ẹ bá fi bò ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ẹ fi í bo ẹnu, kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ: tí afẹ́fẹ́ bá gba inú rẹ̀ kọjá, ó dáa. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan bo imú nígbà tẹ́ ẹ bá ń gé e, ó máa ń yún èèyàn lára gan-an.

Tí owó ò bá sí, fóòmù ibùsùn tẹ́ ẹ ò lò mọ́, tẹ́ ẹ nà ró ní igun, máa ṣe díẹ̀. Kọ́tìnì àti rọ́ọ̀gì kò ṣe nǹkan kan fún béèsì, ẹ lò wọ́n torí ohùn òkè.

Mo ti gbé béèsì dé òkè pátápátá lórí fóònù mi, síbẹ̀ kò sí níbi tí mo jókòó sí.

Kò ní sí. Níbi tí ìgbì ti ń pa ara wọn, ohun tẹ́ ẹ bá fi kún un náà á pa ara rẹ̀. Kí béèsì tó fi 10 dB lọ sókè, áńpìlìfáyà ní láti lo agbára ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ̀ ń dáná sun áńpìlìfáyà lásán ni. Ohun tí EQ, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti ń gbé béèsì tàbí ohùn mìíràn sókè sílẹ̀ lórí fóònù, mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kó rẹ ibi tó bá yọ sókè wálẹ̀. Ẹ wa ápù tó ń dún ohùn kan ṣoṣo sórí fóònù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 30 Hz, kẹ́ ẹ máa fi 5 Hz gòkè títí dé 100. Èyí tó bá pariwo ju àwọn tó kù lọ, ẹ fi EQ dín òun nìkan kù.

Wọ́n kọ 5000 watts sára tèmi. Ṣé agbára rẹ̀ ò tíì tó ni?

Ẹ wo inú kọ̀ọ̀rọ̀ páálí rẹ̀, ẹ máa rí PMPO. Ẹni tó ń ta ọjà ló ni nọ́ńbà yẹn. Ẹ yí i padà, kẹ́ ẹ ka iye watt tó ń fà nínú iná lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ 60 W ló wà níbẹ̀, kò lè fún sípíkà ní ju ìyẹn lọ ní ìdúróṣinṣin. RMS, ìyẹn agbára tó lè gbé jáde láìdáwọ́ dúró, ni nọ́ńbà tẹ́ ẹ ń wá.

Tòkunbọ̀ ni mo rà. Béèsì rẹ̀ ń dún fọ̀rọ̀fọ̀rọ̀.

Fóòmù etí pépà ti jẹrà. Ẹ yọ nẹ́ẹ̀tì iwájú, ẹ fi ìka kan etí náà díẹ̀: tó bá ń fọ́ wẹ́wẹ́, tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, ó ti parí. Ọjọ́ orí àti ooru ló ń pa irú fóòmù yẹn, èyí tó bá jẹ́ rọ́bà ń pẹ́ jù ú lọ. Ẹ má ju sípíkà náà nù. Àwọn tó ń tún un ṣe ní Ògùnpa á họ èyí tó ti jẹrà kúrò, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ òmíràn yí i ká. Ẹ dúró tì wọ́n. Kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, kí wọ́n fi ìka mẹ́ta tẹ pépà wọlé jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ gbé etí sún mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìró híhọ, kóìlì, ìyẹn wáyà wíwé tó wà nídìí pépà, kò sí láàárín, kí wọ́n tún un tò. Tó bá ti gbẹ báyẹn, ó di ohun tí wọ́n tún máa ya.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún tòkunbọ̀ mìíràn, ẹ dán títẹ̀ yẹn wò lójú ẹni tó ń tà á.

Ọmọ mi, àwo àpàlà tí ọkọ mi fi sílẹ̀, mo ra ẹ̀rọ tuntun láti máa gbọ́ ọ. Agídìgbo ò dún rárá, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

Ẹ kú àtijọ́, Mà. Agídìgbo wà nínú àwo yẹn. Tí wọ́n bá ń fín orin sára àwo, wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dín béèsì kù, torí béèsì tó kún máa ń gba àyè lójú ìlà àwo. Ọdún 1954 ni àwọn ilé iṣẹ́ àwo ní Amẹ́ríkà fẹnu kò sí ìwọ̀n kan, tí wọ́n ń pè ní RIAA. Ní 20 Hz, ohun tí wọ́n ń yọ tó nǹkan bíi 19 dB. Ẹ̀rọ kékeré kan ló gbọ́dọ̀ dá a padà, phono ni orúkọ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kẹ́ni tó bá yín so ó ti ki wáyà rẹ̀ bọ ojú AUX. Kó wo ẹ̀yìn áńpìlìfáyà bóyá ojú phono wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ ra phono preamp, kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì tàbí mẹ́ta lọ. Tí ẹ̀rọ tí àwo ń yí lórí rẹ̀ bá ti ní tirẹ̀ nínú, bọ́tìnnì kan lásán ni wọ́n máa yí.

Àmọ́ ẹ má retí kí àwo àpàlà mi ilé bí orin ìwòyí o. Agídìgbo á wà, á rọ̀, á sì jókòó sábẹ́ ohùn. Bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ nìyẹn.

Kí ló dé tí béèsì fi ń sá tí mo bá dín fólúùmù kù lálẹ́?

Etí wa ni. Ní ọdún 1933, Fletcher àti Munson wọ̀n ọ́n ní Amẹ́ríkà pé tí ìró bá rẹlẹ̀, etí èèyàn kì í tètè gbọ́ béèsì bó ṣe ń gbọ́ ohùn àárín. Bọ́tìnnì loudness torí èyí ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ẹ tàn án lálẹ́, kẹ́ ẹ pa á lọ́sàn-án.

Nǹkan kan ń gbọ̀n jììjìì nínú yàrá tí béèsì bá ti wọlé.

Fèrèsé louver ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fi ohùn ápù yẹn sí i, kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ di nǹkan mú lọ́kọ̀ọ̀kan: gíláàsì, irin fèrèsé, férémù fọ́tò, ìdérí ìkòkò. Èyí tó bá dákẹ́ lọ́wọ́ yín lòun. Fóòmù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ sétí ilẹ̀kùn á pa á lẹ́nu mọ́.

Tí mo bá tan jẹnẹrétọ̀, béèsì kì í dùn mọ́.

Ìró jẹnẹrétọ̀ náà béèsì ni, ó sì ń bo ti orin mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé, ìyẹn náà dáa fún ẹ̀mí yín nítorí èéfín. Tó bá jẹ́ ìnfátà ló ń mú sípíkà hùn hùnhùn, ẹ béèrè bóyá pure sine wave ni, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA.

Àwọn ará ilé ti fẹjọ́ mi sun lándílọ́ọ̀dù. Wọ́n ní orin ò pariwo, gbì-gbì ló ń dà wọ́n láàmú.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohùn akọrin kì í fi bẹ́ẹ̀ ré ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá, béèsì ló ń kọjá, á gba ẹnu ọ̀nà, fèrèsé àti orí àjà. Fóòmù tẹ́ ẹ bá tẹ́ sábẹ́ wúfà á dá ìgbọ̀nrìrì ilẹ̀ dúró fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ yín, kò ní dí èyí tó ń gba inú afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù ni kẹ́ ẹ gbé wúfà sún mọ́ àga yín gan-an, tó bá ṣeé ṣe lẹ́yìn àga, kẹ́ ẹ wá dín fólúùmù rẹ̀ kù. Ẹ̀yin á gbọ́ ọ dáadáa, yàrá kejì ò ní gbọ́ tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ dúró sí kọ́rídọ̀ fúnra yín nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Tí ọmọ lándílọ́ọ̀dù bá sì ń múra WAEC lọ́wọ́, ẹ pa wúfà, kẹ́ ẹ fi sípíkà méjì gbọ́ ọ títí yóò fi jáde ìdánwò.